Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Arduino Ò Bá Tó: 74HC595 àti 74HC165 Lẹ́nu Iṣẹ́

Alhaja kan tó ni ilé-ìtura oníyàrá mẹ́jọ ní Ìbarà, níbí ní Abẹ́òkúta, fẹ́ kí àlejò lè pe òṣìṣẹ́ láti inú yàrá. Àlejò á tẹ bọ́tìnnì, LED yàrá rẹ̀ á tàn lórí pátákó tó wà níwájú ẹni tó ń gba àlejò, buzzer á sì máa dún. Iṣẹ́ kékeré ni, àfi ìgbà tí Alhaja sọ ọ̀rọ̀ kan tó sọ bọ́tìnnì 8 di 16: "Injiníà, bọ́tìnnì tí wọ́n á fi máa pa á, ẹ má gbé e sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yìí o. Orí ìjókòó ni wọ́n á ti máa pa á, ẹsẹ̀ wọn ò ní dé yàrá. Inú yàrá ni kí ẹ fi í sí." Mo ní, "Ó dáa, mà." Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ẹsẹ̀ (pin), ibi tí a ti ń so wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì ìpè 8, bọ́tìnnì ìparẹ́ 8, LED 8, buzzer 1: 25. Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, ní ẹsẹ̀ dígítà 14, láti 0 dé 13, ó tún ní ẹsẹ̀ analog 6 tí a lè lò bíi dígítà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Nínú 20 yẹn, 0 àti 1 ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nítorí náà 18 ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ ra Mega 2560 tó ní ẹsẹ̀ dígítà 54. Èmi ò fara mọ́ ọn. Owó rẹ̀ ga, bí Alhaja bá sì kọ́ òkè sórí ilé náà, Mega yẹn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Áísí (IC) kéékèèké mẹ́ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí: 74HC595 kan fún LED, 74HC165 méjì fún bọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ 7 ni wọ́n máa gbà lórí Uno, buzzer á sọ ọ́ di 8.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú áísí

Ẹ fojú inú wo bẹ́ǹṣì tó gba èèyàn mẹ́jọ. Ẹnì kan dé láti apá òsì, ó ní "ẹ sún," gbogbo àwọn tó jókòó sún lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún, ẹni tó wà ní ìparí dìde, ó bọ́ sórí bẹ́ǹṣì kejì. Bí shift register, irú áísí tí 74HC595 àti 74HC165 jẹ́, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú 74HC595, ẹni tó ń wọlé ni dátà, yálà 1 tàbí 0, ẹsẹ̀ SER ló sì ń gbà wọlé. "Ẹ sún" ni kílọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ SRCLK: ìgbàkígbà tó bá ti LOW (0V) gòkè sí HIGH (5V) ni gbogbo wọn máa sún. Ẹsẹ̀ QH′ ni ìparí bẹ́ǹṣì, òun la fi ń so áísí kan mọ́ òmíràn.

595 tún ní ohun kan tí bẹ́ǹṣì ò ní. Bí dátà ṣe ń sún nínú, ẹsẹ̀ ìjáde mẹ́jọ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé jáde tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbé jáde títí ẹ ó fi gbé ẹsẹ̀ RCLK, tí a ń pè ní latch, láti LOW sí HIGH. Ìgbà yẹn ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí LED kì í fi í ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

74HC165 ń ṣe é ní òdìkejì. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ SH/LD sí LOW, á wo ẹsẹ̀ ìwọlé mẹ́jọ, á sì gba ohun tó wà lórí wọn. Bí ẹ bá dá a padà sí HIGH, ẹ lè máa fi kílọ́ọ̀kì fà wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ QH. Wáyà mẹ́ta fún ìjáde, mẹ́ta fún ìwọlé, ìkeje ni OE, tó ń ṣí tàbí pa gbogbo ìjáde 595 lápapọ̀. Bí áísí bá di mẹ́wàá, wáyà tó dé ọ̀dọ̀ Arduino ò ní pọ̀ sí i.

Ọjà rírà

Résístọ̀, LED àti bọ́tìnnì, ẹ lè rí wọn lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ rédíò tó wà káàkiri ìlú. Ní ti àwọn áísí, èmi máa ń wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí Alábà l'Ékòó ni, tàbí kí n rán ẹni tó ń lọ. Bí ẹ bá máa rán ẹnì kan, ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé fún un, kó sì wo ara áísí fúnra rẹ̀ kó tó sanwó. 74HC164 náà ni wọ́n ń pè ní shift register, òun náà sì ń gbé mẹ́jọ jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 14 ló ní, kò sì ní latch, LED yín á máa ṣẹ́jú. Lẹ́tà HC tó wà láàárín ṣe pàtàkì pẹ̀lú: 74LS595 kò lágbára láti ti kọ́rẹ́ǹtì jáde sí LED.

Èyí ni ohun tí iṣẹ́ yìí gbà:

- Arduino Uno 1, 74HC595 1, 74HC165 2, pẹ̀lú sókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 16 mẹ́ta
- LED pupa 8, résístọ̀ 680 Ω 8
- bọ́tìnnì 16, résístọ̀ 4.7 kΩ 16, résístọ̀ 1 kΩ 16
- kapásítọ̀ 100 nF 19 (104 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀), résístọ̀ 10 kΩ 1
- buzzer 5V, breadboard fún ìdánwò, Veroboard fún iṣẹ́ gan-an

Ẹ má ṣe fo sókẹ́ẹ̀tì. Áísí tí ẹ bá jó mọ́ Veroboard tààrà, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni ẹ ó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

595: ìjáde

Bí ẹ bá kọ ojú ihò kékeré tó wà ní orí áísí sókè, ẹsẹ̀ 1 wà lápá òsì lókè pátápátá, kíkà sì ń lọ sílẹ̀ dé 8, á wá gba apá ọ̀tún gòkè padà dé 16. Ẹ so ó báyìí:

- ẹsẹ̀ 16 sí 5V, ẹsẹ̀ 8 sí GND (0V)
- ẹsẹ̀ 10 (SRCLR) sí 5V
- ẹsẹ̀ 13 (OE) sí 7 lórí Arduino, kí résístọ̀ 10 kΩ sì ti ibẹ̀ lọ sí 5V
- ẹsẹ̀ 14 (SER) sí 8
- ẹsẹ̀ 12 (RCLK) sí 9
- ẹsẹ̀ 11 (SRCLK) sí 10
- ẹsẹ̀ 15 (QA) sí LED yàrá 1
- ẹsẹ̀ 1 dé 7 (QB dé QH) sí LED yàrá 2 dé 8
- ẹsẹ̀ 9 (QH′): ẹ fi í sílẹ̀ ná

LED kọ̀ọ̀kan máa gba résístọ̀ tirẹ̀ kó tó dé GND. Ẹ ṣàkíyèsí pé QA ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Òdìkejì áísí ló dá wà sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà LED láti ẹsẹ̀ 1 á rí i pé yàrá 2 ń tan iná yàrá 1.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ fi kapásítọ̀ 100 nF kan sí àárín ẹsẹ̀ 16 àti 8, kó sún mọ́ áísí bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Gbogbo ìgbà tí ìjáde mẹ́jọ bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, áísí máa ń já kọ́rẹ́ǹtì gbà lójijì, kapásítọ̀ yìí ló ń fún un. Ẹ lè rí àwòrán kan tí wọ́n ti fi kapásítọ̀ sórí wáyà latch torí kí LED má bàa ṣẹ́jú. Ẹ má ṣe é. Ó ń sọ latch di ohun tó ń gòkè jẹ́jẹ́ dípò kó fò sókè, ibi tó sì yẹ kí kapásítọ̀ wà ò ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ OE náà nìyí. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 595 kì í jí pẹ̀lú òdo. Ohunkóhun ló lè wà nínú rẹ̀. Bí OE bá wà ní GND tààrà, bí ọ̀pọ̀ àwòrán ṣe ń fi í hàn, LED mélòó kan á tàn fúnra wọn kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀. Fún LED, ẹ̀rín ni. Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù omi ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, pàápàá nílùú tí iná ti lè lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Résístọ̀ 10 kΩ ń mú kí OE wà ní HIGH, gbogbo ìjáde á wà ní pípa, títí kóòdù wa á fi kọ́kọ́ fi òdo ránṣẹ́, kó tó wá ṣí OE.

Ìṣirò résístọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò

Ẹ dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni áísí ti ń kú. LED pupa ń jẹ nǹkan bíi 2V. Nínú 5V, 3V ló kù fún résístọ̀. Bí ẹ bá fi 220 Ω sí i, bí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń wí, LED kan á gba nǹkan bíi 13.6 mA. Fún LED kan, kò burú. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tí 595 bá gbé jáde, ẹsẹ̀ 16 kan ṣoṣo ló ń bá wọlé, 70 mA sì ni òpin tí àwọn tó ṣe é fi lélẹ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn. Mẹ́jọ lọ́nà 13.6 jẹ́ 109 mA. Kódà 330 Ω ń fún yín ní 9.1 mA, mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ 73 mA: ó ṣì kọjá ààlà. Ó lè máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, torí yàrá mẹ́jọ kì í sábà pè pọ̀, títí di ọjọ́ tí ilé bá kún.

680 Ω ni mo mú. Ó ń fún LED kan ní 4.4 mA, mẹ́jọ sì jẹ́ 35 mA, ìdajì òpin náà. LED òde òní ń tàn dáadáa pẹ̀lú 4 mA. Bí pátákó yín bá wà nínú ilé tí oòrùn ò dé, 1 kΩ gan-an tó.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Uno:

```
const byte jadeData = 8, jadeLatch = 9;
const byte jadeKilooki = 10, jadeOE = 7;

void ranse(byte b) {
  digitalWrite(jadeLatch, LOW);
  shiftOut(jadeData, jadeKilooki, MSBFIRST, b);
  digitalWrite(jadeLatch, HIGH);   // ibi tí mẹ́jọ ti ń yí padà
}

void setup() {
  digitalWrite(jadeOE, HIGH); // kó wà ní pípa
  pinMode(jadeOE, OUTPUT);
  pinMode(jadeData, OUTPUT);
  pinMode(jadeLatch, OUTPUT);
  pinMode(jadeKilooki, OUTPUT);
  ranse(0);
  digitalWrite(jadeOE, LOW); // ó tó àkókò láti ṣí i
}

void loop() {
  for (byte i = 0; i < 8; i++) {
    ranse(1 << i);
    delay(300);
  }
}
```

Iná gbọ́dọ̀ máa rìn láti yàrá 1 dé 8, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ti 8 bọ̀ wá sí 1, ẹ ti so LED ní òdì, tàbí kí ẹ ti kọ LSBFIRST. MSBFIRST ń kọ́kọ́ ti bíìtì 7 (0 dé 7 la ń ka bíìtì mẹ́jọ) wọlé, òun ló sì máa sún jìnnà jù dé QH. Bíìtì 0 á jókòó sí QA. Ẹ má kúrò níbí títí ìrìn yẹn á fi lọ geere. Ẹni tó bá so 165 mọ́ 595 tí kò tíì dá lójú, kò ní mọ èyí tó ń ṣe é nínú àwọn méjèèjì.

165: ìwọlé

Ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jọ ti 595 rárá, ẹ má fi ti èkejì wọ̀n ọ́n:

- ẹsẹ̀ 16 sí 5V, ẹsẹ̀ 8 sí GND, kapásítọ̀ 100 nF láàárín wọn
- ẹsẹ̀ 15 (CLK INH) sí GND
- ẹsẹ̀ 1 (SH/LD) sí 4 lórí Arduino
- ẹsẹ̀ 2 (CLK) sí 5
- ẹsẹ̀ 9 (QH) sí 6
- ẹsẹ̀ 7: ẹ má fọwọ́ kàn án, QH tí a yí lódì ni
- ẹsẹ̀ 11, 12, 13, 14 jẹ́ A, B, C, D: bọ́tìnnì yàrá 1 dé 4
- ẹsẹ̀ 3, 4, 5, 6 jẹ́ E, F, G, H: bọ́tìnnì yàrá 5 dé 8

Arduino ní résístọ̀ nínú tí INPUT_PULLUP ń tàn. 165 ò ní. Ìwọlé tí ẹ bá fi sílẹ̀ lófo á máa sọ ohun tó wù ú. Nítorí náà, wáyà bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní résístọ̀ 4.7 kΩ tó lọ sí 5V, kí bọ́tìnnì wá máa fà á sí GND bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé títẹ̀ jẹ́ 0, àìtẹ̀ jẹ́ 1. Kóòdù á yí i padà.

165 kejì ń bọ̀ wá bá a. Ẹ so ẹsẹ̀ 1, 2 àti 15 rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kan náà lára ti àkọ́kọ́. QH ti èkejì (ẹsẹ̀ 9) wọ SER ti àkọ́kọ́ (ẹsẹ̀ 10), SER ti èkejì fúnra rẹ̀ sì lọ sí GND. Ti àkọ́kọ́ ni bọ́tìnnì ìpè, ti èkejì ni ìparẹ́. Arduino á kọ́kọ́ gba mẹ́jọ ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti èkejì.

Ẹ óò rí i pé n kò lo shiftIn nísàlẹ̀ yìí. shiftIn ń kọ́kọ́ gbé kílọ́ọ̀kì sí HIGH kó tó kàwé. Ṣùgbọ́n ní kété tí 165 bá ti gba ohun tó wà lórí ìwọlé, H ti wà lórí QH, ó ń dúró de ẹni tó máa kà á. Kò nílò kílọ́ọ̀kì kankan. HIGH àkọ́kọ́ yẹn á ti H dànù, G ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Gbogbo yàrá á sún kan, yàrá 8 ò sì ní dáhùn láé. Ọ̀nà àbáyọ kan wà, pé kí kílọ́ọ̀kì ti wà ní HIGH kí ẹ tó pe shiftIn, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin tí a kọ fúnra wa yé ni jù: ka, gbé sókè, gbé sílẹ̀, tún un ṣe.

```
const byte woLoad = 4, woKilooki = 5, woData = 6;
const byte buzzer = 3;
byte ipe = 0;            // bíìtì kan fún yàrá kan

byte kaMejo() {
  byte b = 0;
  for (byte i = 0; i < 8; i++) {
    b = (b << 1) | digitalRead(woData);
    digitalWrite(woKilooki, HIGH);
    digitalWrite(woKilooki, LOW);
  }
  return ~b; // títẹ̀ di 1
}

void kaGbogbo(byte &pe, byte &pare) {
  digitalWrite(woLoad, LOW);
  delayMicroseconds(5);
  digitalWrite(woLoad, HIGH);
  pe = kaMejo();
  pare = kaMejo();
}

void loop() {
  byte pe1, pare1, pe2, pare2;
  kaGbogbo(pe1, pare1);
  delay(20);
  kaGbogbo(pe2, pare2);
  ipe |= (pe1 & pe2);
  ipe &= ~(pare1 & pare2);
  ranse(ipe);
  digitalWrite(buzzer, ipe && (millis() % 3000 < 200));
}
```

Loop yìí ló rọ́pò ti ìdánwò. Nínú setup, ẹ fi pinMode OUTPUT kún un fún woLoad, woKilooki àti buzzer, INPUT fún woData, kí ẹ sì gbé woLoad sí HIGH.

Bọ́tìnnì máa ń gbọ̀n díẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ kóòdù sì ń ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ìyẹn. Tiwa ò nílò rẹ̀. Ìpè ń gbé bíìtì sí 1, ìparẹ́ ń dá a padà sí 0, bí bọ́tìnnì bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibì kan náà ló ń gbé e dé. Ìdí tí a fi ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú 20 ms láàárín, ni wáyà gígùn: iná tó bá ta sí wáyà lójijì kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

Bí iná bá lọ, ipe á di òfo. A lè kọ ọ́ sínú EEPROM (ibi ìpamọ́ inú Uno tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ), ṣùgbọ́n n kò ṣe é. Àlejò tí wọn ò dá lóhùn á tún tẹ̀ ẹ́.

Wáyà tó ń lọ sí yàrá

Lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́. Wáyà ogún mítà tó gba inú àjà kọjá ni ìdánwò gidi. Àwọn kan á fẹ́ gbé 165 lọ sí ìparí kọ́rídọ̀, kí wáyà tó ń padà bọ̀ lè dín kù. Èmi ò gbà á nímọ̀ràn. Wáyà kílọ́ọ̀kì ò fẹ́ gùn: ìta iná kékeré kan lórí rẹ̀, áísí á rò pé ẹ ní "ẹ sún," gbogbo yàrá á sì yí orúkọ padà. Ẹ jẹ́ kí áísí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú Arduino, wáyà bọ́tìnnì nìkan ni kó rìn jìnnà.

Wáyà Cat5 tí wọ́n fi ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì dára fún un. Ẹyọ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta sì tó yàrá kan: ìpè, ìparẹ́, GND. Níbi tí wáyà bá ti wọ àpótí, ẹ so 4.7 kΩ láti orí rẹ̀ sí 5V, kí ó gba inú 1 kΩ kó tó dé ẹsẹ̀ 165, kí kapásítọ̀ 100 nF sì ti ẹsẹ̀ yẹn lọ sí GND. Résístọ̀ 1 kΩ yìí ló ń gba áísí lọ́wọ́ ohun tí mànàmáná ń tì sínú wáyà, ẹ sì mọ bí òjò ìlú yìí ṣe máa ń sán ààrá. Kò lè gbà á lọ́wọ́ ààrá tó bá sán sí orí ilé gan-an o. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà yìí gba inú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná ilé, láéláé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, kì í ṣe ti LED.

Bó bá jẹ́ rílè

595 ò lè gbé rílè, ìyẹn súìṣì tí iná ń tì. Kọ́ìlì rílè 5V wọ̀nyẹn ń gba nǹkan bíi 70 mA, òpin gbogbo áísí nìyẹn. Ẹ fi ULN2803 sí àárín: ẹsẹ̀ 1 dé 8 rẹ̀ ń gba ìjáde 595, ẹsẹ̀ 18 dé 11 ń fa kọ́ìlì sí GND, ẹsẹ̀ 9 jẹ́ GND, ẹsẹ̀ 10 sì lọ sí iná rílè kí dáyóòdù inú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi 1V ló ń sọnù nínú rẹ̀, nítorí náà rílè 12V bá a lára mu ju 5V lọ. TPIC6B595 náà wà, tó jẹ́ 595 alágbára, 150 mA fún ìjáde kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 20 ló ní, fífà sí GND nìkan ló sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn bọ́ọ̀dù rílè tí wọ́n ti tò tán, tó ní rílè aláwọ̀ búlúù, púpọ̀ nínú wọn ni LOW ń tàn. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ranse(0) inú setup á tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. 255 ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

ESP32 àti SPI

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB àti MAPOLY tí ẹ ń lo ESP32 (bọ́ọ̀dù mìíràn bíi Arduino) fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ ṣọ́ra. 3.3V ló ń gbé jáde, 74HC595 tó bá ń jẹ 5V sì fẹ́ nǹkan bíi 3.5V kó tó gbà pé HIGH ni. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì yín, kó wá kọ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Ẹ fún un ní 3.3V, tàbí kí ẹ lo 74HCT595 lórí 5V. 165 ní tirẹ̀, 3.3V nìkan ni kí ẹ fún un, torí QH tó ń gbé 5V jáde lè ba ẹsẹ̀ ESP32 jẹ́.

Fún bọ́tìnnì àti LED, shiftOut yá tó. Bí ẹ bá ń ṣe nǹkan tó gbọ́dọ̀ yí padà ní kíákíá, ẹ lo SPI (ọ̀nà tó yára tí Uno fi ń ti dátà jáde, tó sì fi ń gbà á wọlé) lórí Uno: 11 sí SER, 13 sí kílọ́ọ̀kì àwọn méjèèjì, 12 sí QH, MODE0. Ní 4 MHz, bíìtì 8 ń gba 2 µs. Àmọ́ QH kì í jáwọ́ lórí wáyà, nítorí náà ẹ má fi káàdì SD sórí 12 kan náà.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

LED ń yí padà bí ẹ bá kàn mú ọwọ́ sún mọ́ áísí: ẹsẹ̀ kan wà lófo. Ẹsẹ̀ 10 lórí 595 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ ẹsẹ̀ 15 lórí 165.

Gbogbo yàrá ń pè láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́: résístọ̀ 4.7 kΩ ò dé 5V. Ẹ fi mítà sórí ẹsẹ̀ 11. Kó fi nǹkan bíi 5V hàn bí wọn ò bá tẹ bọ́tìnnì, kó sì já sí òdo bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Bọ́tìnnì ìpè dára, ti ìparẹ́ ò ṣe nǹkan kan: wáyà tó wà láàárín ẹsẹ̀ 9 èkejì àti ẹsẹ̀ 10 àkọ́kọ́ ni. Àwọn kan máa ń mú un láti ẹsẹ̀ 7. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ 7 ni, ìparẹ́ á máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo, kò sì sí LED tó máa tàn.

Áísí gbóná débi tí ìka ò lè dúró lórí rẹ̀: ẹ yọ iná kíá. Bóyá ẹ ti kì í sí sókẹ́ẹ̀tì ní òdì, tàbí ìjáde kan ti lẹ̀ mọ́ GND níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti ṣàn kọjá lórí Veroboard.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí USB kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ń dàrú lórí ṣájà fóònù: ẹ pààrọ̀ ṣájà náà kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Bó bá dúró, ẹ ti rí i. Bí kò bá dúró, ẹ wo kapásítọ̀ 104 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bóyá èyíkéyìí jìnnà sí ẹsẹ̀ 16.

Bí Alhaja bá wá kọ́ òkè sí i, ìyẹn yàrá 9 dé 16, ẹ fa QH′ ti 595 (ẹsẹ̀ 9) lọ sí ẹsẹ̀ 14 ti 595 tuntun, kí wọ́n jọ lo ẹsẹ̀ 11, 12 àti 13. Nínú ranse, shiftOut méjì ló máa wà láàárín latch LOW àti HIGH: ti yàrá 9 dé 16 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń sún dé ibi tó jìnnà jù.